Wọ́n Wọn Ẹnu Ọ̀nà Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Kan Bẹ́ẹ̀dì: Iṣẹ́ Àwọn Agbẹ́rù Méjì Tó Wá Sílé Mi

Bẹ́ẹ̀dì ìyá mi kò wọ yàrá nígbà àkọ́kọ́. Àwọn agbẹ́rù mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ pè gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n tì í, wọ́n fà á, wọ́n gbé e sókè, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ha férémù ilẹ̀kùn mi, tí ẹsẹ̀ kan lára bẹ́ẹ̀dì náà sì ti sán. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ìyá mi fi sùn lórí fóòmù tí a tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúnkún wọn kò gbà kí wọ́n dìde nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan fà wọ́n lọ́wọ́. Àwọn agbẹ́rù kejì, tí wọ́n jẹ́ méjì péré, ni wọ́n gbé e wọlé ní ọjọ́ karùn-ún. Iṣẹ́ àwọn méjì yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí, ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, n kò sì ní dárúkọ ikọ̀ kankan nínú méjèèjì.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bẹ́ẹ̀dì náà àti ẹnu ọ̀nà náà, nítorí láìmọ ìwọ̀n wọn, kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà le tàbí kò le. Bẹ́ẹ̀dì náà ti pẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Igi líle ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi kàn án, ó sì wúwo débi pé ẹnìkan ṣoṣo kò lè gbé igun rẹ̀ kan kúrò nílẹ̀ kó má mí helehele. Fóòmù tó ń gbà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 137 ní ìbú àti 190 ní gígùn, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà 4 ààbọ̀ ní ìbú, àti ẹsẹ̀ bàtà 6 pẹ̀lú íǹsì 3 ní gígùn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n fóòmù kọ́ ni ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí a bá ka pákó mọ́ ọn, ó di 145 ní ìbú àti 200 ní gígùn. Pákó orí rẹ̀ ga ní 110 láti ilẹ̀, pákó ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ga ní 68. Ilẹ̀kùn yàrá náà fẹ̀ ní 76, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún ilẹ̀kùn yàrá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo 76 yẹn ni ẹrù lè gbà kọjá. Férémù jẹ díẹ̀ lára rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí kọjá bí ẹni na apá síwájú, nítorí náà ara ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4, dúró sínú ọ̀nà. Àlàfo tó ṣẹ́kù gan-an jẹ́ 71. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ síbẹ̀ lọ tààrà láti pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà náà.

Ẹni tó bá ń wo bẹ́ẹ̀dì yóò máa wo gígùn àti ìbú rẹ̀, nítorí àwọn ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ẹnu ọ̀nà kò bìkítà fún wọn. Èyí tó kéré jù lọ nínú ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹnu ọ̀nà ń béèrè, bí èyí tó kéré jù bá sì ti ju àlàfo lọ, tí ẹrù náà sì rí bí àpótí, kò sí bí a ṣe lè dojú rẹ̀ kọ ọ́ tí yóò fi gbà kọjá. Nínú bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, bí kò bá tíì sí ohun tí a tú kúrò lára rẹ̀, èyí tó kéré jù ni gíga pákó orí, 110. Kí a dà á sí ẹ̀gbẹ́, kí a nà án ró, kí a dojú rẹ̀ délẹ̀, 110 kò lè gba inú 71 kọjá. Èyí kò ju ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè fi téèpù ìwọ̀n mọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì.

Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ kò mú téèpù wá. Wọ́n lágbára, n kò ní gba èyí lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fara balẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu ọ̀nà kọ̀ fún wọn, agbára náà ni wọ́n tún ń fi kún agbára. Pákó ẹsẹ̀ ti wọlé, èyí tó pọ̀ jù lára bẹ́ẹ̀dì ti wà nínú yàrá, ni pákó orí bá há mọ́ férémù ilẹ̀kùn gbagidi. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, pé yóò gbà. Ẹnìkan ti èjìká tì í láti ẹ̀yìn. Mo gbọ́ kẹ̀ẹ̀, mo rò pé férémù ilẹ̀kùn ni, àfi ìgbà tí wọ́n fà á jáde ni mo rí i pé ẹsẹ̀ òsì pákó ẹsẹ̀ ti sán láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí pákó ẹ̀gbẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Ìyá mi fi ìka tọ ojú ibi tó sán náà, wọn kò sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta náà ní bẹ́ẹ̀dì náà ti gbó jù, wọ́n gba owó wọn, wọ́n lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n gbọ́kàn lé ikọ̀ kejì ni ìbéèrè tí wọ́n bi mí lórí fóònù kí wọ́n tó dá ọjọ́. Ẹni tó gbé fóònù náà bi mí bóyá bẹ́ẹ̀dì náà ṣe é tú, bóyá bóòtì ni wọ́n fi so ó tàbí ìṣó ni wọ́n fi kàn án pa. Ó bi mí bóyá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní igun tàbí ó lọ tààrà. Ó ní kí n wọn ẹnu ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí n má wọn ilẹ̀kùn nìkan. Ìbéèrè kẹta yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo agbẹ́rù máa béèrè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọn a wọn ilẹ̀kùn, wọn a rí 76, wọn a rò pé 76 ni wọ́n ní, nígbà tó jẹ́ pé 71 ni.

Nígbà tí wọ́n dé, èyí àgbà nínú wọn kò wo bẹ́ẹ̀dì rárá. Ó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó na téèpù láti férémù kan dé ìkejì ní ìsàlẹ̀, ó nà án ní àárín, ó tún nà án lókè. Mo bi í ìdí tó fi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní férémù a máa wọ́ bí ilé bá ti pẹ́, pé ibi tó há jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òun ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Tiwa há jù ní ìsàlẹ̀, bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Lẹ́yìn náà ni ó wá wọn bẹ́ẹ̀dì, ó sì kọ ohun tó rí sára pákó kékeré kan pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó pè mí, ó pe ìyá mi, ó fi ibi tó sán hàn wá, ó ní, “Màmá, ẹ wò ó o, èyí ti wà níbẹ̀ ká tó dé.” Ó fa aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ náà yípo ní ọ̀nà mẹ́ta kí ó má baà sán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn sí èyí ju ohun tó kù lọ, nítorí ó fi hàn pé ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì náà ní ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ wá kan títú. Bóòtì mẹ́jọ ló so bẹ́ẹ̀dì náà pọ̀, mẹ́rin níbi orí, mẹ́rin níbi ẹsẹ̀. Èyí àbúrò bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀. Ó tú bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fa pákó, pákó kò mira. A wò ó dáadáa, a rí i pé gúlù wà lójú ìsopọ̀ méjèèjì, ó ti gbẹ, ó ti le bí òkúta. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó tún un ṣe nígbà kan rí ló fi í síbẹ̀. Àbúrò gbé òòlù, ó fẹ́ kàn án yọ. Ọ̀gá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ṣàlàyé fún un pé gúlù igi tó bá mú dáadáa a máa le ju igi fúnra rẹ̀ lọ, pé bí ó bá lù ú, ẹ̀gbẹ́ gúlù ni igi yóò ti ya, yóò sì ya gba ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀. Ìyá mi, tí wọ́n jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Àgbà náà dá wọn lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá,” ó sì fi òòlù náà sínú àpò.

Ó tún padà sí ara pákó tó kọ ìwọ̀n sí. Bí ìsopọ̀ ibi ẹsẹ̀ kò bá ṣe é tú, a jẹ́ pé pákó ẹsẹ̀ àti pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò jọ wọlé pa pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo, bí àga tí kò ní ẹ̀yìn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 200, ìbú rẹ̀ jẹ́ 145, gíga rẹ̀ jẹ́ 68 níbi tó ga jù. Nísinsìnyí, èyí tó kéré jù ti di 68, ẹnu ọ̀nà sì jẹ́ 71. Bí a bá dà á sí ẹ̀gbẹ́, tí 145 di gíga, tí 68 di ìbú, tí 200 sì kọjú sí yàrá, ó lè gbà kọjá, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ péré ni yóò kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìka ọwọ́ àgbàlagbà kò lè gba inú àlàfo bẹ́ẹ̀ láìfi awọ ara sílẹ̀. Ó wojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká yọ ilẹ̀kùn yìí.”

Bí wọ́n ṣe yọ ilẹ̀kùn náà wú mi lórí. Hínjì mẹ́ta ló gbé e dúró, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà ní àárín hínjì kọ̀ọ̀kan tó so apá méjèèjì pọ̀. Àgbà náà fi ìṣó gígùn kan sí abẹ́ irin náà, ó fi òòlù gbá a díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ sókè títí orí irin náà fi yọ, ó wá fi ọwọ́ fà á jáde. Hínjì ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, ó yọ ti àárín, ó sì fi ti òkè ṣe ìkẹyìn, nítorí bí ó bá jẹ́ ti òkè ló kọ́kọ́ yọ, gbogbo ìwúwo ilẹ̀kùn yóò fì síta, yóò sì fa hínjì tó kù ya kúrò lára igi. Àbúrò ti gbá ilẹ̀kùn mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí irin ìkẹyìn tó jáde. Wọ́n gbé e fara ti ògiri pálọ̀ lórí kúbùsù. Téèpù tún jáde: 75. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tí a jèrè yìí ni ó sọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é ṣe di ohun tó ṣe é ṣe.

Pákó orí kò fún wọn ní wàhálà púpọ̀, àyàfi bóòtì kan tó ti dípẹtà. Orí bóòtì náà gba sípánà 13, wọn kò sì ní in lọ́wọ́. 12 àti 14 ni wọ́n mú wá. Tèmi ni wọ́n lò. Èyí kò dùn mọ́ mi nínú, nítorí bóòtì tó nípọn ní mìlímítà 8 wà lára àìmọye bẹ́ẹ̀dì, sípánà 13 ni orí rẹ̀ sì sábà máa ń gbà. Bí n kò bá ní sípánà nílé ńkọ́? Sípánà 14 ni wọn ì bá fi gbìyànjú, ì bá sì ti fọ igun orí bóòtì náà di rogodo. Wọ́n kán òróró ẹ̀rọ sí i, wọ́n fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì yí. Wọ́n kó bóòtì àti nọ́ọ̀tì sínú ọ̀rá kékeré méjì, wọ́n kọ “orí ọ̀tún” sára ọ̀kan, “orí òsì” sára èkejì, wọ́n sì lẹ àwọn ọ̀rá náà mọ́ ara pákó orí. Pákó orí fúnra rẹ̀ wọlé bí ìwé tí ènìyàn há sábẹ́ abíyá. Tí a bá ti dà á sí ẹ̀gbẹ́, kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ.

Lẹ́yìn náà ni ó wá kan ìyókù. Wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́ nínú pálọ̀ níbi tí àyè wà, wọn kò dúró di ìgbà tí wọ́n bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pákó ẹsẹ̀ ni wọ́n fi síwájú. Àgbà ń fi ẹ̀yìn rìn, àbúrò wà lẹ́yìn, mo sì ń gbọ́ bí ó ti ń kọ́ ọ pé kí ó tẹ orúnkún, kí ó má tẹ ẹ̀yìn. Wọ́n ti ta kúbùsù bo ẹ̀gbẹ́ pákó ẹsẹ̀ níbi tí yóò ti sún mọ́ férémù. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Àgbà náà ká kúbùsù náà kúrò, nítorí kúbùsù ń jẹ lára àlàfo, ó wá fi páálí pẹlẹbẹ kan sí ẹ̀gbẹ́ férémù kọ̀ọ̀kan dípò rẹ̀. Ó ní kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n máa wo àlàfo òkè, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n gbé e, wọ́n gbé ìgbésẹ̀ kan, wọ́n dúró. “Òsì?” “Ó kù bí ìka kan, Ọ̀gá.” “Tì í díẹ̀ sọ́tùn-ún.” Ìgbésẹ̀ kan mìíràn. Mo rí i tí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì náà ń kọjá níwájú mi, páálí náà wà láàrin òun àti férémù, ó ń fi ara nù ún, kò sì gbá a. Ìgbà tí pákó ẹsẹ̀ ti kọjá tán, ohun tó kù kò ju pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, ó sì yọ́ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ láti pálọ̀ dé inú yàrá kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ìmúra sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ni ó gba wákàtí kan àti ààbọ̀.

Mo ní láti sọ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ tààrà ṣojú rere sí wa. Bí igun bá wà níbẹ̀ ni, ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ ní 85 ló yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ 85 mìíràn, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lè yí irú igun bẹ́ẹ̀ bí gígùn rẹ̀ kò bá ju 240 lọ. Ṣùgbọ́n bí ohun náà bá nípọn ní 68 bíi tiwa, gígùn tó lè yí igun náà kò ju nǹkan bíi 104 lọ, bẹ́ẹ̀ tiwa jẹ́ 200. Ìnípọn ni ó ń pa ẹrù ní igun. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá ní igun gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà láti tú ibi tí gúlù mú, ìbáà gba pé kí gbẹ́nàgbẹ́nà wá gé e, kí ó sì tún un so. Ọ̀rọ̀ ohun tó lè yí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré pẹ̀lú: ní 1966 ni Leo Moser, onímọ̀ ìṣirò, béèrè pé báwo ni ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ ṣe lè tóbi tó tí yóò fi yí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1. Ní 1992, Joseph Gerver ya àwòrán ọ̀kan tí ààyè ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2.2195, ó sì di 2024 kí Jineon Baek tó gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi sọ pé kò sí èyí tó lè ju ti Gerver lọ. Bí ìbéèrè kan bá lè gba àwọn onímọ̀ ìṣirò ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí agbẹ́rù lè fún un ní ìṣẹ́jú méjì pẹ̀lú téèpù.

Títò ó padà dára. Àgbà náà fi ọwọ́ yí gbogbo bóòtì wọlé lákọ̀ọ́kọ́, kò fún ẹyọ kan le títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi wọ ihò wọn, nítorí bí a bá fún ọ̀kan le jù ní ìbẹ̀rẹ̀, pákó a wọ́, ihò tó kù kò sì ní ṣe déédéé mọ́. Ó fi àbẹ́là pa ojú ibi tí pákó ti ń fara kan pákó kí bẹ́ẹ̀dì má baà máa dún nígbà tí ènìyàn bá yí ara padà. Ó to àwọn pákó pẹlẹbẹ tó ń gbé fóòmù sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ mì í láti igun kan sí èkejì, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ kan kò kanlẹ̀ dáadáa; kì í ṣe ẹsẹ̀ tó sán. Ilẹ̀ yàrá ló tẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ó gé páálí lé méjì, ó fi sí abẹ́ rẹ̀, ó tún mì í, kò mira mọ́. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe èyí.

Àléébù wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní bò ó. Wọ́n ní aago 9 àárọ̀ làwọn ń bọ̀, ó di aago 10 ààbọ̀ kọjá kí wọ́n tó dé, wọn kò sì pè. Ẹni tó ń retí agbẹ́rù kì í lè jáde, kì í lè sùn, àgàgà tí àgbàlagbà bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé. Èkejì ni lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lẹ ọ̀rá bóòtì mọ́ pákó orí. Èyí aláwọ̀ ilẹ̀ tí a fi ń di páálí ni wọ́n lò, ó lágbára jù, nígbà tí wọ́n sì ṣí i kúrò, ó bó fánìṣì kúrò ní ojú ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Irú lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀ bébà tí àwọn akunlé máa ń lò, èyí tí kì í mú nǹkan jù, ni ì bá tọ́. Tàbí kí wọ́n tilẹ̀ so ọ̀rá náà mọ́ ọn pẹ̀lú okùn.

Ẹ̀kẹta ni ó bí mi nínú jù. Wọ́n dá ilẹ̀kùn padà sí hínjì rẹ̀ kí wọ́n tó lọ, ó sì ń ṣí, ó ń tì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń ké bí ìyá mi ti ń ṣí i. Mo wòkè, mo rí i pé irin hínjì òkè kò wọlé tán. Ó yọ jáde ní ìwọ̀n ìka kan. Òun ni ó di ilẹ̀kùn mú lókè níbi tí ìwúwo ti ń fà á síta jù. Bí ọwọ́ ìyá mi bá fi ara ti ilẹ̀kùn náà lóru láti fi dúró, bí wọ́n ti máa ń ṣe, n kò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Òòlù mẹ́ta péré ni mo fi gbá a wọlé. Ẹni tó mọ ìdí tí hínjì òkè fi gbọ́dọ̀ kẹ́yìn nígbà tí a bá ń yọ ilẹ̀kùn yẹ kó mọ̀ pé òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé tán pátápátá nígbà tí a bá ń dá a padà. Mo pè wọ́n ní ọjọ́ kejì, mo sọ fún wọn. Àgbà náà ló gbé fóònù. Kò jiyàn, kò sì di ẹ̀bi ru àbúrò rẹ̀. Ó ní òun ló kàn tí òun ò yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n bá òun bẹ Màmá, ó sì bi mí bóyá irin méjì yòókù wọlé tán. Mo lọ wò wọ́n nígbà tó ṣì wà lórí ìlà. Wọ́n ti wọlé.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, bí ẹrù ńlá bá tún kàn mí, àwọn méjì yìí ni n ó pè, n ó sì ní kí wọ́n mú sípánà 13 dání. Ẹni tó bá fẹ́ pe agbẹ́rù fún bẹ́ẹ̀dì lè mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ láti orí fóònù: bí kò bá béèrè nípa gíga pákó orí, nípa ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti nípa bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí, kí ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ó béèrè, kí ó sì gbọ́ ohun tí yóò fi dáhùn. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ pé wọn yóò wá ọgbọ́n rẹ̀ dá nígbà tí wọ́n bá dé, kí ó pe ẹlòmíràn. Kí ó sì tú ohun tó bá lè tú ṣáájú kí wọ́n tó dé, nítorí bí wákàtí ni àwọn kan fi ń gba owó, bóòtì tó dípẹtà sì lè jẹ ìdá mẹ́rin wákàtí kan.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti wá fi gúlù àti irin ìdè sí ẹsẹ̀ tó sán náà, ó sì mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo fi sípánà kan náà yẹ bóòtì ibi orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, gẹ́gẹ́ bí àgbà náà ṣe ní kí n ṣe. Méjì ṣì le dan-in. Méjì yí díẹ̀, bí ìdá mẹ́rin ìyípo kan, kí wọ́n tó dúró. Ìyá mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo ń ṣe é, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì kanlẹ̀, nígbà tí mo sì parí, wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n lọ sí pálọ̀.